Iná Pupa Kò Gbọdọ̀ Tàn Níwájú Ọ̀gá

Ní Ṣàgámù, lójú ọ̀nà tó lọ sí Òfin, ilé iṣẹ́ ìjọba kan wà tí pátákó ẹnu ọ̀nà rẹ̀ gùn ju ògiri tí wọ́n kàn án mọ́ lọ. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé: Àjọ Tó Ń Rí sí Ìhùmọ̀ Tuntun fún Oko Àgbẹ̀ àti Ilé Ìdáná. Lábẹ́ rẹ̀ ni orúkọ ọ̀gá àgbà wà, lẹ́tà orúkọ náà sì tóbi ju ti àjọ fúnra rẹ̀ lọ: Olóyè Alàgbà Dókítà Lánípẹ̀kun Fábíyìí. Ẹ má bi mí pé ilé ẹ̀kọ́ wo ló ti gba dókítà. Èmi náà béèrè, wọ́n ní kí n lọ jókòó.

Kí n má parọ́ mọ́ ọkùnrin náà, kì í ṣe olè. Kò fọwọ́ kan owó àjọ, kò sì gba rìbá lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ohun kan ṣoṣo ló ń jẹ, ìyìn ni. Ó ń jẹ ẹ́ láàárọ̀, ó ń jẹ ẹ́ lọ́sàn-án, bí ó bá sì di ìrọ̀lẹ́ tí kò tíì yó, á pe akọ̀wé rẹ̀ lórí fóònù.

"Ìdírísù, báwo ni ọ̀rọ̀ tí mo sọ lónìí ṣe rí lára àwọn èèyàn?"

Ìdírísù tó ti bu òkèlè á gbé òkèlè náà sílẹ̀. "Ọ̀gá, wọ́n ṣì ń sunkún ayọ̀."

Ìdírísù yìí ló fún ọ̀gá ní oríkì tuntun, Ọpọlọ Rẹ́mọ. Láràárọ̀, bí mọ́tò ọ̀gá bá ti wọlé, gbogbo òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ tò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìdírísù á kígbe pé, "Ọpọlọ Rẹ́mọ!" Àwọn yòókù á dáhùn pé, "Ó ń bá wa ronú!" Wọn á wá pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀meje. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tó pa á lẹ́ẹ̀mẹfà nítorí pé ó gbé ọmọ pọ̀n. Ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n gbé e lọ sí yàrá tí wọ́n ń kó páńpẹ́ èkúté sí.

Oríkì náà dùn mọ́ ọ̀gá débi pé ó ní kí akunlé kan kọ ọ́ sára ògiri ìta. Akunlé kọ ọ́, ṣùgbọ́n kò fi àmì ohùn sí i. Àwọn ọmọ ilé ìwé tó ń kọjá wá ń kà á bó ṣe wù wọ́n: "Ọ̀pọ̀lọ́ Rẹ́mọ! Ọ̀pọ̀lọ́ Rẹ́mọ!" Wọ́n á kà á tán, wọ́n á tún fò sókè bí ọ̀pọ̀lọ́. Inú bí ọ̀gá. Ó ní kí akunlé padà wá fi àmì sí i kíákíá. Akunlé padà wá, ó sì fi àmì sí i lóòótọ́, àfi pé àmì tó fi sí i, ti ọ̀pọ̀lọ́ náà ni. Ọ̀dà funfun ni wọ́n fi pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ níkẹyìn.

Irú ibi tí Hadassah gbé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lọ nìyẹn.

Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ ni Hadassah, ó ń ṣiṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò ní yunifásítì ìjọ tó wà lágbègbè wọn. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọdún mẹ́rin gbáko ló fi ṣe nǹkan méjì. Àkọ́kọ́ dà bíi pẹ́ẹ̀gì tí a fi ń há aṣọ mọ́ okùn. Èèyàn á fi há ewé ata lẹ́nu. Bí omi bá ti ń tán lára ewé náà, ẹ̀rọ yìí á mọ̀ ṣáájú ojú ẹnikẹ́ni, á tan iná pupa, á sì ránṣẹ́ sí pọ́ńpù etí odò kí ó ṣí. Bí omi bá tó, á tan iná aláwọ̀ ewé, pọ́ńpù á sì tì. Àwọn àgbẹ̀ ló sọ ẹ̀rọ náà ní Atọ́ka.

Ìkejì, nítorí ìyá rẹ̀ ló ṣe ṣe é. Ìyá Hadassah, Màmá Adérónkẹ́, ti ń gbàgbé nǹkan. Ẹ̀ẹ̀mejì ni àwọn aládùúgbò ti já ilẹ̀kùn wọlé nítorí èéfín, tí wọ́n bá màmá níbi tó jókòó sí tó ń kọ orin ìjọ, tí ìkòkò sì ti di èédú lórí sítóòfù oníná. Hadassah wá ṣe ohun kan tí wọ́n ń so mọ́ ìdí sítóòfù náà. Bí ìsàlẹ̀ ìkòkò bá ti fẹ́ jó, á ké lẹ́ẹ̀mẹta. Bí ẹnikẹ́ni kò bá dáhùn, á pa iná fúnra rẹ̀. Láti ìgbà tó ti so ó mọ́ sítóòfù ìyá rẹ̀, ọkàn rẹ̀ balẹ̀ láti lọ síbi iṣẹ́.

Ọgbọ́n kan náà ló wà nínú méjèèjì. Ohun tó ń gbẹ kì í pariwo, òun ni Hadassah ṣe ní kí ẹ̀rọ máa bá a pariwo.

Ó kó wọn wá sí àjọ kí wọ́n lè bá a fi orúkọ sílẹ̀ lábẹ́ òfin, kí wọ́n sì dán wọn wò lóko. Olóyè Fábíyìí gbé Atọ́ka lọ́wọ́, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó gbóòórùn rẹ̀.

"Ọmọ mi, ta ló ni èyí?"

"Èmi ni mo ṣe é, sà."

"Mo mọ̀ pé ìwọ lo ṣe é. Mo ní ta ló ronú rẹ̀?"

"Èmi náà ni, sà."

Olóyè rẹ́rìn-ín bí ẹni tí ọmọdé sọ fún pé òun ló bí ìyá òun. Ó kọjú sí akọ̀wé. "Ìdírísù, ta ló ń ronú ní Rẹ́mọ?"

"Ẹ̀yin ni, ọ̀gá."

"O ti gbọ́ báyìí."

Nígbà tí wọ́n fún Hadassah ní ẹ̀dà ìwé ìforúkọsílẹ̀ lọ́sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ohun tó kà níbẹ̀ ni pé: Olùhùmọ̀, Olóyè Alàgbà Dókítà Lánípẹ̀kun Fábíyìí. Olùrànlọ́wọ́, ọmọbìnrin kan láti Ìkẹ́nnẹ́. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó padà wọlé lọ bá ọ̀gá.

"Sà, ẹ jọ̀ọ́, orúkọ mi kò sí níbí."

"Orúkọ rẹ kò wúwo tó láti dúró lórí ìwé. Afẹ́fẹ́ lè gbé e lọ. Tèmi yìí, bí ìjì bá jà, ibi tó wà náà ló máa wà."

Ẹ ó ní kí ló dé tí kò gba ẹ̀rọ rẹ̀ padà? Ó fẹ́ gbà á. Ṣùgbọ́n ogójì Atọ́ka ti wà lára ata rodo àwọn àgbẹ̀ ní Ìpára nígbà yẹn. Oṣù kìíní ọdún ni, ọyẹ́ ń fẹ́, ẹ̀ẹ̀rùn mú, ata ti ń tanná. Bí ó bá yọ wọ́n kúrò, pọ́ńpù tí àjọ gbé sí etí odò, tó wà nínú àgò irin tí wọ́n tì pa, kò ní í ṣí fún ẹnikẹ́ni mọ́. Ó gbé ẹ̀tọ́ rẹ̀ mì títí ata yóò fi so. Èmi ò mọ̀ bóyá èmi ì bá lè gbé e mì.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni ọ̀gá gbéra, ó ní òun fẹ́ lọ wo iṣẹ́ ọwọ́ òun ní Ìpára. Ó wọ agbádá léèsì, ó kó ayàwòrán mẹ́ta dání. Oko Bàbá Àlímì ni wọ́n mú un lọ. Àgbà àgbẹ̀ ni Àlímì, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ata rodo rẹ̀ ló sì dára jù níbẹ̀. Ọ̀gá dúró sáàárín ebè, ó na ọwọ́ sókè. Bó ṣe la ẹnu pé, "Ẹ̀yin àgbẹ̀ mi," ni ewé ata kan mọ̀ pé òùngbẹ ń gbẹ òun. Atọ́ka tan iná pupa, pọ́ńpù ṣí, omi sì tú jáde lẹ́nu páìpù, ó wẹ agbádá ọ̀gá láti ọrùn dé ẹsẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ ò fẹ́ rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbìyànjú. Ẹlòmíì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni ń tu koríko, èjìká rẹ̀ ṣáà ń mì. Àwọn ayàwòrán, tí wọ́n ti sanwó iṣẹ́ ọjọ́ náà fún, ń ya gbogbo rẹ̀.

Kò tán síbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá ń fi ọ̀rọ̀ tó máa sọ lọ́jọ́ ìfilọ́lẹ̀ àwọn ẹ̀rọ náà ṣeré ìdánrawò ní ọ́fíìsì. Wọ́n gbé ìkòkò kan sórí sítóòfù oníná tí wọ́n so ẹ̀rọ kejì mọ́, kí ohun gbogbo lè rí bó ṣe máa rí gan-an. Ọ̀gá dé ibi tó ti ń sọ ìtàn ìbí ara rẹ̀ nígbà tí sítóòfù ké: piii, piii, piii. Ó dúró. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Sítóòfù tún ké, ó sì pa ara rẹ̀.

"Ó já ọ̀rọ̀ gbà mí lẹ́nu," ni ọ̀gá wí. Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀, ẹ̀rù sì ba Ìdírísù. "Sítóòfù. Ó já ọ̀rọ̀ gbà mí lẹ́nu."

Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ìkìlọ̀ ti wà lára gbogbo ilẹ̀kùn àjọ: "Láti òní lọ, iná pupa kò gbọdọ̀ tàn níwájú ọ̀gá. Ẹ̀rọ kankan kò gbọdọ̀ ké nígbà tí ọ̀gá bá ń sọ̀rọ̀. Ẹ̀rọ tó bá ní ìròyìn búburú, kí ó gba ọ̀dọ̀ akọ̀wé kọjá."

Wọ́n pe Hadassah pé kí ó wá tún ẹ̀rọ náà ṣe, kí iná aláwọ̀ ewé nìkan máa tàn, kí sítóòfù sì dákẹ́ bí ọmọlúàbí. Hadassah ka ìkìlọ̀ náà tán.

"Sà, bí kò bá lè tan pupa, kò wúlò mọ́. Pọ́ńpù kò ní í ṣí. Ata wọn á kú."

"Ata kankan kò ní í kú nígbà ayé mi."

"Sà, mi ò lè ṣe é."

"Kò burú. Gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká tí o fi ń darí wọn sílẹ̀, dúkìá àjọ ni. Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ìfilọ́lẹ̀. Kọmíṣánnà ń bọ̀ láti Abẹ́òkúta."

"Ọjọ́ ìsinmi wa ni Sátidé, sà. Ṣọ́ọ̀ṣì ni mo máa wà."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀ kó tó mú ọjọ́. "Bá wa gbàdúrà níbẹ̀."

Hadassah gbé kọ̀ǹpútà náà sílẹ̀. Ohun tó dùn ún jù títí di òní nìyẹn.

Wọ́n wá ránṣẹ́ pe Wàsíù, ọ̀gbẹ́ni kan tó ń tún fóònù àti kọ̀ǹpútà ṣe nítòsí ìkóríta ńlá, níbi tí àwọn mọ́tò Ìbàdàn àti ti Bíní ti ń pínyà. Wàsíù jókòó sídìí iṣẹ́ náà, ó wò ó fún wákàtí kan, ó dìde.

"Mo lè ṣe é. Gbogbo ogójì ló máa gbọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, àti sítóòfù. Ṣùgbọ́n ọ̀gá, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi pé ẹ̀yin lẹ ní kí n ṣe é."

Ẹlòmíì ì bá ronú. Àmọ́ wọ́n ní kí Olóyè Fábíyìí kọ orúkọ rẹ̀ sórí ìwé! Inú rẹ̀ dùn bí ẹni tí wọ́n fi oyè dá lọ́lá. Ó kọ gbogbo rẹ̀ ní kíkún, ó fi gbogbo oyè rẹ̀ sí i, ó fi Ọpọlọ Rẹ́mọ sí i pẹ̀lú àmì ohùn, ó lu òǹtẹ̀ àjọ mọ́ ọn lẹ́ẹ̀mejì.

Láti ọjọ́ yẹn, oko Ìpára tutù lójú. Ogójì iná aláwọ̀ ewé ń tàn tọ̀sán-tòru. Ewé ata ń ká kò, òdòdó ń rẹ̀ dànù, iná ṣì ń sọ pé omi tó. Pọ́ńpù kò sì ṣí. Lọ́jọ́ karùn-ún, Bàbá Àlímì àti ìyàwó rẹ̀ Kàdíjátù bẹ̀rẹ̀ sí í fi garawa pọnmi láti odò. Odò yẹn ò sún mọ́ oko. Ẹsẹ̀ Kàdíjátù wú. Lọ́jọ́ keje ni bàbá wọ mọ́tò lọ sí Ṣàgámù, ó dé àjọ ní aago mẹ́jọ àárọ̀. Aago méjì kọjá kí wọ́n tó jẹ́ kó wọlé, torí pé ọ̀gá ń yan àwọ̀ kánópì.

"Lèsí ti pọ́ńpù wa?" ni bàbá fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn àgbà Rẹ́mọ ló ń pe "ta ni" ní "lèsí," ọ̀gá náà sì gbọ́ ọ dáadáa, ṣùgbọ́n ó ṣe bí ẹni pé èdè òkè òkun ni.

"Baba, pọ́ńpù kò tì. Ata yín ò fẹ́ mumi ni. Iná wo ló ń tàn?"

"Èyí tó dà bí ewé ni. Ṣùgbọ́n ewé fúnra rẹ̀ ti gbẹ, ọmọ mi."

"Baba, ẹ jẹ́ kí n la ọ̀rọ̀ yìí yé yín. Ẹ̀rọ ti wo ewé, ó ní ó dára. Ojú yín wo ewé, ó ní ó gbẹ. Ojú yín ti pé àádọ́rin ọdún, ẹ̀rọ mi kò tíì pé ọdún kan. Èwo nínú méjèèjì ló yẹ ká gbé lọ sí ọsibítù?"

"Ọsibítù ojú!" ni Ìdírísù fi gbè é.

Bàbá Àlímì wo ọ̀gá bí a ṣe ń wo ẹni tó ń rìn lójú oorun. Bó ṣe ń jáde ni Ìdírísù sáré tẹ̀ lé e, ó fi ìwé kan lé e lọ́wọ́: ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ tí bàbá máa kà fún kọmíṣánnà lórúkọ gbogbo àgbẹ̀ Ìpára. Wọ́n ti bá a kọ ọ́. "Ẹkún ayọ̀" wà nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin.

Ọjọ́ ìfilọ́lẹ̀ pé. Kánópì mẹ́fà níwájú àjọ, àga funfun, máìkì méjì, Wàsíù sì ni wọ́n ní kó wá máa bójú tó ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Lórí tábìlì iwájú, wọ́n gbé sítóòfù oníná pẹ̀lú ìkòkò ìkọ́kọrẹ́ kan. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló yẹ kí ata kan tí wọ́n gbìn sínú ìkòkò òdòdó ní àjọ, tí wọ́n fi Atọ́ka há, wà. Ìṣòro kékeré kan ṣẹlẹ̀. Láti ọjọ́ méjìlá tí iná aláwọ̀ ewé ti ń tàn lára ata yẹn, ẹnikẹ́ni kò bu omi sí i. Láàárọ̀ Sátidé, Ìdírísù débẹ̀, ó bá igi ṣóńṣó kan, ewé kankan kò sí lórí rẹ̀. Ó rò ó lọ, ó rò ó bọ̀, ó sáré wọ ọ́fíìsì ọ̀gá, ó gbé òdòdó rọ́bà tó wà lórí fèrèsé, ó fi Atọ́ka há a. Iná tàn. Àwọ̀ ewé. "Ó gbà á," ni Ìdírísù wí, ó nu òógùn ojú rẹ̀.

Kọmíṣánnà dé. Ìyáàfin Fẹ̀hìntọlá ni wọ́n ń pè é, obìnrin jẹ́jẹ́ kan tí bàbá rẹ̀ gbin kòkó títí ó fi kú. Ó jókòó, ó fọwọ́ lẹ́rán. Ọ̀gá gba máìkì.

"Ẹ̀yin èèyàn mi! Nígbà tí Ọlọ́run dá ewé, ó dá a láìní ẹnu. Ewé wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ń wá ẹni tí yóò bá òun sọ̀rọ̀. Ẹgbẹ̀rún ọdún kọjá. Ẹgbẹ̀rún méjì kọjá. Àwọn òyìnbó gbìyànjú, wọ́n kùnà. Àwọn ará Ṣáínà gbìyànjú, wọ́n sunkún. Ìgbà náà ni wọ́n bí mi."

"Ní Òfin!" ni Ìdírísù kígbe.

"Ní Òfin! Mo kéré, ṣùgbọ́n orí mi tóbi. Ìyá mi sọ fún mi..."

Mi ò ní í fi gbogbo rẹ̀ dà yín láàmú. Nígbà tó máa fi di wákàtí kan, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ di ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nínú ìtàn náà. Ìkọ́kọrẹ́ sì ń bẹ lórí iná. Òórùn rẹ̀ kọ́kọ́ dùn, lẹ́yìn náà ó korò, lẹ́yìn náà àwọn tó wà níwájú bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́. Èéfín dúdú dìde láàárín ọ̀gá àti àwọn èèyàn rẹ̀. Sítóòfù kò ké, kò sì pa iná. Wọ́n ti kọ́ ọ ní ìwà.

"Ẹ má bẹ̀rù," ni Ìdírísù ń sọ kiri, ojú rẹ̀ ń ṣomi, "òórùn ìdàgbàsókè ni."

Dírẹ́bà kọmíṣánnà ló fò dìde tó fa wáyà yọ. Ìkòkò ti pọ́n nídìí. Kọmíṣánnà náà dìde, ó rìn dé ibi tábìlì.

"Olóyè, ṣé kì í ṣe pé nǹkan yìí ló yẹ kó pa ara rẹ̀?"

"Ó ń bọ̀wọ̀ fún yín ni, ẹ̀yin ìyá wa. Kò lè ké níwájú àgbà."

Kọmíṣánnà na ọwọ́ kan òdòdó, ó fi ìka méjì ra ewé kan. "Rọ́bà ni." Ó wo iná. Àwọ̀ ewé. Ó yọ Atọ́ka, ó fi há etí ìwé ọ̀rọ̀ tí ọ̀gá ń kà. Àwọ̀ ewé. Ó rò ó díẹ̀, ó na ọwọ́ sókè, ó fi há etí fìlà ọ̀gá.

Àwọ̀ ewé ni iná náà tàn.

"Olóyè," ni ó wí jẹ́jẹ́, máìkì sì gbé e dé ìta, "omi tó nínú fìlà yín."

Ẹ̀rín tó bẹ́ níbẹ̀, ẹni tó ń kọjá lọ sọ́nà Òfin dúró. Ìdírísù gan-an rẹ́rìn-ín kó tó rántí ara rẹ̀.

Àárín ẹ̀rín yẹn ni Bàbá Àlímì dìde, torí ó rò pé àkókò tòun ló kàn. Ó gbé àpò kan dání. Ó gbé ìwé ìdúpẹ́ jáde, ó fi lélẹ̀ lórí tábìlì.

"Ìwé tí wọ́n ní kí n kà nìyí. Mi ò mọ̀wé." Ó tú àpò náà. Igi ata gbígbẹ ló kó jáde, tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, èso kéékèèké tó ti gbẹ ṣì wà lára òmíì. "Èyí tí mo mọ̀ ọ́n kà nìyí."

Kọmíṣánnà mú igi kan, ó dá a, ó ṣẹ́ bí ìṣáná. Ó yíjú sí ọ̀gá.

"Olóyè, ẹ ní ẹ̀yin lẹ ronú ẹ̀rọ yìí. Báwo ló ṣe ń mọ̀ pé òùngbẹ ń gbẹ ewé?"

Olóyè Fábíyìí tún agbádá ṣe. "Ìyẹn... ọ̀rọ̀ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ni. Afẹ́fẹ́ inú ewé a máa bá bátìrì sọ̀rọ̀. Bátìrì a wá gbọ́. Bó bá ti gbọ́, a... a gbọ́."

"Ewé tó bá mumi yó máa ń nípọn," ni Bàbá Àlímì wí, kò tilẹ̀ gbé ohùn sókè. "Èyí tí òùngbẹ ń gbẹ a máa fẹ́lẹ́. Nǹkan tó wà lórí fìlà yẹn ń wọn bó ṣe nípọn tó ni. Ọmọbìnrin Ìkẹ́nnẹ́ tó ṣe é ló fi hàn mí."

"Ọmọbìnrin wo? Níbo ló wà?"

"Ṣọ́ọ̀ṣì ni. Ọjọ́ ìsinmi wọn lòní."

Ọ̀gá rí i pé ilẹ̀ ń yọ̀ lẹ́sẹ̀ òun. Ó fi ẹnu kan máìkì. "Òun gan-an ló bà á jẹ́! Ẹ̀rọ tí mo ṣe pé. Inú ló bí i tó fi lọ yí i padà, kó lè dójú tì mí!"

Wàsíù wà nídìí gbohùngbohùn. Ó lè dákẹ́, kò sẹ́ni tó bi í. Ó tẹ bọ́tìnnì kan, máìkì ọ̀gá kú. Ó wá síwájú, ó yọ ìwé kan láti inú àpò ṣòkòtò, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún kọmíṣánnà.

"Èmi ni mo yí i padà, mà. Àwọn ló ní kí n ṣe é. Mi ò mọ̀ pé oko wà nídìí rẹ̀."

Kọmíṣánnà ka ìwé náà sókè. Àṣẹ náà kò ju ìlà méjì lọ. Ìbuwọ́lù ló gùn. Ó mí lẹ́ẹ̀mejì kó tó dé Ọpọlọ Rẹ́mọ. Kò sí ẹni tó pàtẹ́wọ́.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè ni lẹ́tà dé pé kí Olóyè Fábíyìí lọ jókòó sílé títí ìwádìí yóò fi parí. Oṣù kan lẹ́yìn náà, òmíì dé pé kó má padà wá mọ́. Ìdírísù ti hun oríkì fún ẹni tí wọ́n fi sípò, ó sì dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ó ké e. Ọ̀gá tuntun bi í pé ta ló kú. Obìnrin tó wà ní yàrá páńpẹ́ èkúté padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀, Ìdírísù sì lọ rọ́pò rẹ̀.

Àmọ́ Hadassah kò dúró de lẹ́tà. Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú gan-an, lẹ́yìn tí kọmíṣánnà ti fi kọ̀ǹpútà rẹ̀ ránṣẹ́ sí i, ó gba Ìpára lọ. Ó jókòó sórí garawa tí Kàdíjátù dojú rẹ̀ bolẹ̀ fún un, ó tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Lẹ́ẹ̀kan náà, ogójì iná pupa tàn jákèjádò oko, pọ́ńpù ké, omi dé. Àwọn àgbẹ̀ pariwo. Òun bú sẹ́kún. Ebè tó ti kú ju ààbọ̀ lọ.

"Èmi ni mo gbé kọ̀ǹpútà yìí sílẹ̀ fún wọn, Baba."

"Ìwọ kọ́ lo ti pọ́ńpù," ni Bàbá Àlímì wí. "Nu ojú. Àwọn tó kù ń mumi."

Wọ́n tún ìwé ìforúkọsílẹ̀ kọ. Hadassah nìkan ló wà níbi olùhùmọ̀, kò sí olùrànlọ́wọ́ kankan. Nígbà tó fi ìwé náà han ìyá rẹ̀, Màmá Adérónkẹ́ kà á, ó rẹ́rìn-ín, ó tún bi í pé ta ni Hadassah yìí tó gbọ́n tó báyìí. Hadassah sọ fún un. Inú màmá dùn bí ẹni pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́.

Olóyè Fábíyìí jókòó sílé. Fóònù rẹ̀ kò dún. Ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ohun tó rò níbẹ̀, èmi ò sí nínú orí rẹ̀, mi ò lè sọ. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ní àárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹta, nígbà tí òjò ṣì ń lọ́ra, ó gun ọ̀kadà lọ sí Ìpára, láìsí agbádá, láìsí ayàwòrán. Ó kọ ọ̀rọ̀ àforíjì sórí ewé ìwé mẹ́rin. Ó bá Bàbá Àlímì níbi tó ti ń gbin ata tuntun sí ẹ̀yìn oko, ibi tí páìpù kò dé.

Ó dọ̀bálẹ̀, ó dìde, ó tú ìwé. "Ẹ̀yin baba mi àgbà, nínú ìtàn ìran Rẹ́mọ, láti ìgbà ìwáṣẹ̀..."

"Garawa wà níbẹ̀ yẹn," ni bàbá wí láìgbójú sókè. "Ata yìí kò lè dúró de ìtàn. Bá wa pọnmi ná, a máa gbọ́ ọ."

Ọ̀gá wo garawa. Ó wo ọ̀nà odò. Ó ká ìwé sápò. Ó lọ, ó bọ̀. Ní ìgbà kẹta, ó bọ́ bàtà. Ní ìgbà kẹwàá, ó bọ́ ẹ̀wù. Omi ń dà sí i lára, Kàdíjátù ń wò ó láti abẹ́ igi, kò sì sọ fún un pé kó sinmi. Ogún ebè ló wà níbẹ̀. Nígbà tó da omi sí èyí tó kẹ́yìn, oòrùn ti kan àtàrí, ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì ti rẹ nínú àpò rẹ̀.

Bàbá Àlímì jókòó sórí òkúta, ó gbé ojú sókè. "Ó yá. À ń gbọ́."

Olóyè Lánípẹ̀kun Fábíyìí la ẹnu. Ó wá ọ̀rọ̀ títí.

"Ẹ jọ̀ọ́, Baba," ni ó wí.

Bàbá Àlímì ní òun ti gbọ́, ó sì sún fún un kó jókòó.